Orúkọ Àdúgbò gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìtàn: Ojú Lámèyítọ́ lórí Niamey Àtijọ́

Bí ènìyàn bá béèrè ibi tí ìlú àtijọ́ wà ní orílẹ̀-èdè Niger, Agadez ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún un, Zinder ni yóò sì tẹ̀lé e. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò mẹ́nu ba Niamey. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Agadez ti jẹ́ ìlú àwọn Sultan láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ṣóńṣó mọ́sálásí rẹ̀, tí a fi amọ̀ mọ, ga tó mítà 27. Nígbà tí ó sì di ọdún 2013, àjọ UNESCO kọ orúkọ àárín ìlú náà, àdúgbò 11 lápapọ̀, sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Zinder náà ní Birni, ìlú inú odi. Ní ti Niamey, ìdìpọ̀ abúlé létí Odò Ọya ni. Lọ́dún 1926 tí àwọn Faransé gbé olú-ìlú padà síbẹ̀ láti Zinder, àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Ìkànìyàn ọdún 2012 fi hàn pé wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ìlú tí ó yára dàgbà báyìí, kí ni ó kù nínú rẹ̀ tí a lè pè ní àtijọ́?

Èrò tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ni pé òṣùwọ̀n tí ó wà lẹ́yìn ìbéèrè náà ni kò péye. Odi àti ṣóńṣó mọ́sálásí ni a fi ń wọn ọjọ́ orí ìlú. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yẹn wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ojú yóò ti wa. Nǹkan bí ọdún 1829 ni a tẹ Ìbàdàn dó, ọdún 1830 ni ti Abẹ́òkúta. Síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú àtijọ́? Ohun tí ó sọ ọ́ di àtijọ́ kì í ṣe ògiri rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Ẹ̀gbá kó wá láti àwọn ìlú wọn tí ogun ti fọ́ ni: Aké, Kéǹta, Ìtòkò, Ìjẹùn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlú kan tí ó ti kú sí ibòmíràn tí ó sì jí dìde lábẹ́ Olúmọ. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ àdúgbò Abẹ́òkúta ti ka ìdajì ìtàn Ẹ̀gbá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Niamey náà jẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àyẹ̀wò yìí ni láti kà á, kí a sì wo bí àwọn mìíràn ti kà á ṣáájú wa: ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé, ayàwòrán-ilé, àti ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ fúnra wọn. Nípa orúkọ ìlú náà, oríṣiríṣi ìtàn ni à ń gbọ́. Àwọn kan so ó mọ́ igi kan tí ó wà létí odò. Àwọn mìíràn so ó mọ́ gbólóhùn kan tí ọ̀gá kan sọ fún àwọn ẹrú rẹ̀ lédè Zarma, pé kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n sì gba ilẹ̀ náà. Àwa tí a mọ bí ìtàn orírun ìlú ti ń rìn kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Àwọn orúkọ àdúgbò ni ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ jù. Maourey ń sọ fún wa pé àwọn Maouri, tí ilẹ̀ wọn wà ní agbègbè Dogondoutchi ní ìlà-oòrùn, ti dé létí odò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kalley rántí àwọn Kallé, ẹ̀ka kan nínú àwọn Zarma. Foulani Kwara ni ìlú àwọn Fúlàní, nítorí kwara, tí àwọn mìíràn ń pè ní koira, ni ìlú lédè Zarma. Láti ara ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti rí Koira Tégui, ìlú tuntun, àti Koira Kano, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Kánò ti Nàìjíríà rárá: ìlú dídùn ni ìtumọ̀ rẹ̀, àdúgbò àwọn olówó sì ni.

Méjì nínú àwọn orúkọ náà yẹ kí ó mú kí etí Yorùbá là. Èkíní ni Zongo. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, zango, ibi tí èrò ọ̀nà ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí Sábó jẹ́ fún Ìbàdàn láti ọdún 1916 ni Zongo jẹ́ fún Niamey: àdúgbò àlejò, ojúkò òwò, ibi tí àjèjì ti ń di ọmọ ìlú láìjẹ́ pé ó gbàgbé ilé. Èkejì ni Boukoki. Bukka ni ahéré lédè Haúsá, bukkoki ni wọ́n sì ń pe púpọ̀ rẹ̀. Láti ẹnu Haúsá ni a ti gba búkà tí a ń lọ jẹun ní ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó di ilé oúnjẹ lọ́dọ̀ wa, ó sì di orúkọ àdúgbò ńlá ní Niamey níbi tí àwọn tí kò rí àyè ní àárín ìlú ti fi koríko pa ahéré sí. Koríko ti lọ tipẹ́. Orúkọ kò lọ. Ó wù mí kí olùkọ́ èdè kan mú ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì nígbà tí ó bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ àyálò, dípò kí ó máa tún àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀ṣì àti bíbélì pè lọ́dọọdún.

Síbẹ̀, àdúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ilẹ̀ ni, àwọn kan sì ti fi ọwọ́ pín ilẹ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba amúnisìn ya àwòrán ìlú, wọ́n sì gbé àwọn aláwọ̀ funfun sí orí òkè pẹrẹsẹ tí à ń pè ní Plateau títí di òní, wọ́n fi àwọn ará ìlú sí òdìkejì. Àfonífojì Gounti Yéna ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ní àkókò yẹn, ìmọ́tótó àti ààbò kúrò lọ́wọ́ àrùn ni àwọn amúnisìn máa ń fi ṣe àwáwí fún irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn àdúgbò òyìnbó tí a ń pè ní Jíáráéè ní ìlú wa kò nílò àlàyé. Ohun tí ó ṣẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ìlú Niamey ní ihò láàárín ara rẹ̀, ihò tí a dìídì gbẹ́.

Inú ihò yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà sí. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí wọ́n kéde Niger ní orílẹ̀-èdè olómìnira lábẹ́ àkóso Faransé. Boubou Hama, òpìtàn, òǹkọ̀wé àti olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ni ó dá a sílẹ̀. Pablo Toucet, awalẹ̀pìtàn ọmọ Spain, ni ó kọ́kọ́ bójú tó o. Láti ọdún 2008 ni ó ti ń jẹ́ orúkọ Boubou Hama. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò bá àwọn gbọ̀ngàn tí a fi ọnà ojú ògiri Haúsá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, yóò bá ẹranko, yóò bá egungun àwọn ẹ̀dá ayé ìgbàanì tí a hú nínú aṣálẹ̀. Yóò tún bá àwòkọ ilé Zarma, ilé Haúsá, àgọ́ Tuareg àti ti Fúlàní. Òkú igi Ténéré, igi kan ṣoṣo tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń mọ ọ̀nà ní aṣálẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wó o lọ́dún 1973, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọgbọ́n òṣèlú tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí kò kéré. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì gba òmìnira kíkún kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jọ sínú ọgbà kan, ó sì gbé ọgbà náà sórí ààlà tí òyìnbó fi yà wọ́n nípá. Ilẹ̀ tí a ní kí ọmọ ìlú má kọjá di ilẹ̀ tí tọmọdé-tàgbà ń rìn gbafẹ́. Fún èyí nìkan, Boubou Hama yẹ ní ẹni tí à ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé wọ̀nyẹn dáadáa. Ilé Zarma tí ó wà nínú ọgbà náà kò ní ìyá tí ń dáná, kò ní ọmọ tí ń sunkún, kò ní bàálé. Ní èdè tiwa, ilé ni. Kì í ṣe agbo-ilé. Kò sí aládùúgbò tí ó lè bá a ṣe ìjà ààlà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìrìn díẹ̀ ni ibẹ̀ sí Maourey àti Zongo, níbi tí ilé amọ̀ gidi ti ń wó nígbà òjò tí a sì ń fi bíríkì sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀. Àwòkọ wà ní ìpamọ́. Ojúlówó ń lọ. Ó jọ bí ẹni tí ó ń ṣọ́ àwòrán bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá náà wà ní ìyẹ̀wù tí ebi ń pa á.

Ohun tí ó gba ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á tán, ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Láti ìgbà Toucet ni àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn ahunṣọ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà gan-an, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́. Níbẹ̀ ni ọgbà náà ti jáwọ́ nínú ṣíṣe àfihàn tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé. Lójú tèmi, ìsọ̀ wọn níyì ju gbogbo àwòkọ ilé lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ kò ṣeé dà kọ.

Ìkejì nínú àwọn tí ó ti ka ìwé àdúgbò yìí ni Mariam Kamara, ayàwòrán-ilé ọmọ Niger. Lọ́dún 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ united4design parí ilé kan tí wọ́n pè ní Niamey 2000. Ìdílé mẹ́fà ni ilé náà wà fún. Bíríkì amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí pé nínú ooru Niamey, tí ó máa ń lé ní ogójì lórí òṣùwọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ògiri amọ̀ a máa tu ara ju ti sìmẹ́ǹtì lọ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù sí lámèyítọ́ ni bí àwọn ilé náà ṣe wọnú ara wọn. Niamey òde-òní ń fẹ̀ lọ bí epo tí ó dà sílẹ̀, ilé kan nínú ọgbà kan, ògiri yí i ká. Kamara wo àwọn ìlú àtijọ́ bíi Zinder, níbi tí ilé ti fara ti ilé, ó sì rí i pé kíkún pẹ́kípẹ́kí kì í ṣe àṣà òyìnbó. Àwa ni a gbàgbé. Ó kọ́ ilé alájà sí ìtòsí ara wọn láìjẹ́ kí ojú ẹnì kan wọ àgbàlá ẹnì kejì. Bí òye wa nípa ìloro àti àgbàlá nínú agbo-ilé Yorùbá bá jinlẹ̀, a ó tètè mọ ohun tí ó ń ṣe. Zaure tí àwọn Haúsá ń kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé, ibi tí àlejò ti ń dúró kí ó tó mọ̀ bóyá wọn yóò mú un wọlé, ìloro ni.

Ìwé rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé lọ, nítorí pé ìlànà ni ó gbà kúrò nínú ìlú àtijọ́, kò gba ojú ògiri rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní àríwísí kan. Ilé fún ìdílé mẹ́fà kò lè dá ìlú padà. Àwọn tí ó ṣì ń gbé inú amọ̀ ní Niamey kò gbé inú rẹ̀ nítorí ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé. Wọn kò rí owó sìmẹ́ǹtì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i, wọn yóò fi amọ̀ sílẹ̀, ta ni yóò sì bá wọn wí, lẹ́yìn ohun tí ìkún-omi ọdún 2012 àti ti ọdún 2020 fi ojú àwọn ilé amọ̀ rí ní Lamordé àti Kirkissoye ní bèbè ọ̀tún odò? Títí amọ̀ yóò fi di ohun tí ẹni tí ó lè ra sìmẹ́ǹtì mọ̀ọ́mọ̀ yàn, tí bírìkìlà àdúgbò sì mọ bí a ti ń kọ́ ọ kí omi má baà gbé e, àpẹẹrẹ rere ni Niamey 2000 yóò máa jẹ́, kò ní di àṣà. Kamara fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ilé kan lọ. Nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ David Adjaye ní ọdún 2018 sí 2019, nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ Rolex ṣe agbátẹrù rẹ̀, àwòrán ilé àṣà kan fún Niamey ni ó yà, inú Gounti Yéna ni ó sì fi í sí, kí ó lè jẹ́ afárá láàárín apá méjèèjì ìlú. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn Boubou Hama, ihò kan náà ni a ṣì ń wá ọ̀nà láti dí.

Ìjọba ni ó ka ìwé náà kẹ́yìn, ó sì yára kà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn ológun tí ó gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 yí orúkọ àwọn òpópónà àti gbàgede kan padà ní Niamey. Òpópónà Charles de Gaulle di ti Djibo Bakary. Gbàgede Francophonie di ti Àjọṣepọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Sahel. Níbi tí àwòrán Monteil, ajagun Faransé, wà, wọ́n gbé ti Thomas Sankara síbẹ̀. Ère ìrántí àwọn tí ó kú sógun, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Faransé tẹ́lẹ̀, wá ń jẹ́ Bubandey Batama lédè Zarma, ibi ìrántí àwọn òkú wa.

A kò gbọdọ̀ fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Djibo Bakary tọ́ sí ibi tí wọ́n fi í sí. Ó di olórí ìlú Niamey nínú ìbò ọdún 1956, òun sì ni ó ní kí àwọn ará Niger kọ ìwé òfin de Gaulle nínú ìbò ọdún 1958. Kí orúkọ rẹ̀ wá rọ́pò ti de Gaulle gan-an, ó jọ ẹjọ́ tí a tún dá. Sankara ńkọ́? Akọni ni, ṣùgbọ́n Niamey kì í ṣe Ouagadougou. Mo rò pé ìlú tí kò tíì fi orúkọ gbogbo àwọn olóòótọ́ rẹ̀ sí ojú pópó kò yẹ kí ó máa yá ti aládùúgbò. Èyí tí ó dára jù ni Bubandey Batama, nítorí kì í ṣe orúkọ ènìyàn ni wọ́n pààrọ̀ níbẹ̀, èdè ni. Èdè náà sì ni èdè tí etídò yìí ti ń sọ kí Faransé tó dé. Nígbà tí ìwé àdéhùn ìjọba ti oṣù Kẹta ọdún 2025 sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, tí Faransé sì di èdè ìṣẹ́, ìbéèrè nípa ipò Zarma ní ojúde ilé ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, ojú òpópónà ńlá ni wọ́n wà. Kò sí ẹni tí ó nílò láti gba Maourey, Kalley tàbí Boukoki lọ́wọ́ amúnisìn, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò fi orúkọ wọn lé e lọ́wọ́ rí. Ohun tí ó ń wu àdúgbò wọ̀nyí léwu yàtọ̀. Ohun àìmọ̀ ni. A kò lè dáàbò bo ohun tí a kò kà sí ogún, a kò sì lè kà á sí ogún níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń dúró de ṣóńṣó mọ́sálásí. Àwa náà mọ̀ pé kíkọ orúkọ sínú ìwé kò tó: Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó wà nínú ìwé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà láti ọdún 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Bí èyí tí a kọ orúkọ rẹ̀ bá lè wó bẹ́ẹ̀, èyí tí a kò kọ ńkọ́?

Ogún àjèjì ni ó sì máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Ní òpin ọdún 1963, nígbà tí Niger àti Dahomey ń jà lórí erékùṣù Lété, ìjọba Niger pàṣẹ kí àwọn ọmọ Dahomey kó ẹrù wọn, àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò tí wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ilé ẹjọ́ àgbáyé dá erékùṣù náà fún Niger lọ́dún 2005. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò sọ ohun kan nípa ilé tí àwọn tí a lé lọ fi sílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ka orúkọ bíi Zongo sí ẹ̀rí pàtàkì. Ó ń jẹ́rìí pé àlejò wà lára àwọn tí ó kọ́ ìlú yìí.

Bí a bá ń wá ibi tí àṣà àtijọ́ ti ń mí ní Niamey òde-òní, kí a wo ẹ̀gbẹ́ ògiri lálẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń jókòó sí lórí àga àti ẹní, tí wọ́n ń se tíì lórí iná èédú, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́ àti ìyàwó tí wọn kò tíì lówó láti fẹ́. Fada ni wọ́n ń pe irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Ààfin ni fada lédè Haúsá, ibi tí àwọn ìjòyè ti ń jókòó ti ọba. Láti àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sé ilé-ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ìjọba sì wọ́n, àwọn ọmọ aláìníṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ ààfin, wọ́n fi sọ ìjókòó tiwọn. Ìwé tí Adeline Masquelier tẹ̀ jáde lórí wọn lọ́dún 2019 fi hàn pé ìjókòó náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà láti jẹ́ ẹni tí a kà kún ni. Wọ́n máa ń kun orúkọ fada wọn sára ògiri. Èyí ni àkọ́lé tuntun jù lọ nínú ìwé tí à ń kà bọ̀: ògiri ni tákàdá, ọ̀dọ́ tí kò ní ilé tirẹ̀ ni òǹkọ̀wé. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè gbà á, nítorí pé ní ọjọ́ tí onílé bá tún ògiri rẹ́, ó parẹ́ nìyẹn.

Ẹni tí ó bá dúró lórí afárá Kennedy, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1970, yóò rí ohun kan tí ìwé àtọ́nà arìnrìn-àjò kì í sọ. Gawèye wà lára àwọn abúlé àtijọ́ tí ó wà ní bèbè òsì. Lónìí, hótẹ́ẹ̀lì ńlá ni ó ń jẹ́ Gawèye ní bèbè òsì yẹn, àdúgbò tí ó ń jẹ́ Gawèye sì wà ní bèbè ọ̀tún, lọ́wọ́ Karadjé. Odò Ọya ń gba àárín wọn kọjá lọ sí Gáyà, ó ń bọ̀ wá sí Jẹ́bbà.